Afẹ́fẹ́ Ló Ń Da Omi Adágún Pọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìjà bẹ̀rẹ̀, kí oorun má bàa gbé yín lọ. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ pé omi tútù wúwo, pé ó máa ń rì, pé ìdí nìyẹn tí omi adágún ilẹ̀ olótùútù fi ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ á dàpọ̀. Ó parí. Èmi ò gbà. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́, òtútù ló ń gba ìyìn.

Ẹ wo adágún Mendota ní ìlú Madison, ní Wisconsin, Amẹ́ríkà. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 25. Ẹ ti mọ Birge àti Juday, àwọn onímọ̀ nípa adágún tí wọ́n wọn omi ibẹ̀ títí, mi ò ní tún ìtàn wọn pa. Nígbà ooru, omi òkè lè gbóná tó dígírì 25, ti ìsàlẹ̀ á ṣì tutù nini. Bí ẹ bá mòòkùn níbẹ̀ tí ẹ sún mọ́ mítà 10, òtútù á gbá yín mú lójijì. Ààlà nìyẹn. Ti òkè kì í sọ̀ kalẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kì í gòkè. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ á lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán, kò sì síbi tí òmíràn á gbà wọlé. Bí wọ́n bá fa omi ibẹ̀ sókè, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ń rùn.

Kí ló dé tí ìjì ooru kò lè dà á pọ̀? Omi wúwo jù lọ ní nǹkan bíi dígírì 4, bí ìwúwo òkè àti ìsàlẹ̀ bá sì ṣe yàtọ̀ sí ara wọn tó ni dídà wọ́n pọ̀ ṣe ń nira tó. Ìyàtọ̀ ìwúwo láàárín dígírì 24 àti 25 fi nǹkan bí ìlọ́po 30 ju ti dígírì 4 sí 5 lọ. Ìjì lè hú igi létí adágún ní oṣù Keje kí ìsàlẹ̀ má tilẹ̀ mọ̀. Nígbà ìwọ́wé, tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìwọ̀nba atẹ́gùn ti tó.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ físíìsì á ní omi òkè tó ń tutù ń rì fúnra rẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Òótọ́ ni. Kí wọ́n wá bá mi sọ ti yìnyín. Ní oṣù Kìíní, yìnyín ti bo Mendota. Omi tó kan yìnyín wà ní dígírì 0, ti ìsàlẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ jù ú lọ, wọn ò sì dàpọ̀. Ṣé òtútù ló wọ́n ní Wisconsin ni? Yìnyín ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fọwọ́ kan omi. Ìgbà tó bá yọ́ nígbà ìrúwé, tí afẹ́fẹ́ ráyè, ni omi tún yí.

Ibẹ̀ la dé tí arábìnrin kan fi nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ ní adágún Geneva, láàárín Switzerland àti Faransé, ni? Adágún yẹn dàpọ̀ délẹ̀ ní 2012, ó sì lo ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ láìtún ṣe bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn ló jẹ ìyókù àkókò wa.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní Geneva. Ẹni tó bá ti pàdé èyí tí wọ́n ń pè ní bise níbẹ̀ kò ní jiyàn. Àmọ́ adágún yẹn jìn tó nǹkan bíi mítà 310, kì í sì í dì. Ìparí ìgbà òtútù nìkan ló ní àǹfààní àti dàpọ̀ délẹ̀, ìyẹn bí omi òkè bá tutù tó ti ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kejì 2012, òtútù mú Yúróòpù gidigidi, ó sì ṣeé ṣe. Ìgbà òtútù tó bá rọjú kì í mú òkè tutù tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì da omi pọ̀ dé ààbọ̀ ọ̀nà. Ọ́síjìn ìsàlẹ̀ wá ń dín kù lọ́dọọdún.

Ó ní, “Òtútù ni bàbá nígbà náà, sà.” Mo ní kí wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Adágún Erie ní Àríwá Amẹ́ríkà, kíákíá: ó ń dàpọ̀ lọ́dọọdún, síbẹ̀ ọ́síjìn ń tán ní ìsàlẹ̀ àárín rẹ̀ nígbà ooru, nítorí pé omi tútù ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kò nípọn, ajílẹ̀ oko sì ń ṣàn wọ inú adágún náà. Ti adágún Tanganyika ní Áfíríkà tí kì í dàpọ̀ délẹ̀ rárá, ẹ bi mí níta.