Ta Ni Ẹ Fi Ṣe Ẹgbẹ́ Ọlọ́hun?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Níbi wòlímọ̀ kan ní Kubwa, ní Abuja wa níbí, lọ́sẹ̀ yìí, alùfáà wa kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kọjú sí olóṣèlú tó jókòó níwájú, ó ní: "Ọlọ́hun àti ẹ̀yin ni a gbójú lé." Àwọn èèyàn ṣe àmín, wọ́n sì ń ná owó.

Nínú Súrà Ash-Shuʿarāʾ, áyà 97 àti 98, àwọn èrò iná yóò sọ fún àwọn tí wọ́n ń sìn pé: "A fi Ọlọ́hun búra, inú ìṣìnà tó hàn gbangba ni a wà, nígbà tí a ń mú yín dọ́gba pẹ̀lú Olúwa gbogbo ẹ̀dá." *Nusawwīkum*, "a ń mú yín dọ́gba", ni wọ́n wí. Wọn kò sọ pé àwọn wọ̀nyẹn ló dá sánmọ̀. Ìfẹ́, ìjọsìn àti ìgbójúlé ni wọ́n fi mú wọn dọ́gba.

Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni lèmọ́mù fi ń pàṣẹ kí ó tó kábárá: "*Sawwū ṣufūfakum*", ẹ mú sáàfù yín, ìlà tí ẹ tò sí láti kírun, dọ́gba, kí èjìká dírẹ́bà àti ti mínísítà lè pàdé. Ní Abuja wa níbí, èyí tó yẹ kó dọ́gba gan-an ni a kọ̀: a ń tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀ ní sáàfù kìn-ín-ní de ọ̀gá tí kò tíì kúrò nílé, a sì ń lé àgbàlagbà tó ti tètè dé sẹ́yìn. Bí a bá kírun tán, a ó wá gbé ọ̀gá yẹn dé ibi tí ẹ̀dá kankan kò gbọdọ̀ dé. Ó ń bí mi nínú.

Ṭufayl, ọmọ ìyá Aisha ìyàwó Ànábì, lálàá pé òun kọjá lára àwọn Yàhúdì, òun sì sọ fún wọn pé èèyàn dáadáa ni wọn ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń pe Uzayr ní ọmọ Ọlọ́hun. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹ̀yin náà ì bá dára, bí kì í bá ṣe pé ẹ ń sọ pé "ohun tí Ọlọ́hun fẹ́ àti ohun tí Muhammad fẹ́." Ó kọjá lára àwọn Nàsárà, ìyẹn àwọn Kìrìsítẹ́nì, irú èsì kan náà ló gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rọ́ àlá náà fún Ànábì. Ànábì bi í bóyá ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì dìde, ó yin Ọlọ́hun, ó sì sọ fún àwọn sàháábà pé wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìtìjú kò jẹ́ kí òun kọ̀ fún wọn. Kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Ẹ wo ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn! Bí a kò bá gbọdọ̀ fi "àti" so Ànábì fúnra rẹ̀ mọ́ Ọlọ́hun, ta wá ni olóṣèlú tí ìbò lè gbé kúrò lórí àga?

Ẹ̀yin alùfáà wa, àánú yín ń ṣe mí, mo mọ bí owó ilé ṣe rí ní Kubwa. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe yín lóore, ẹ sọ pé "Ọlọ́hun, lẹ́yìn náà ẹ̀yin", bí Ànábì ṣe kọ́ wa. Kí ẹni tó sọ ti ọ̀sẹ̀ yìí tọrọ àforíjìn, kí ó sì tún un sọ lójú àwọn tó ṣe àmín sí i, nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣe wòlímọ̀ Alùkùránì lọ́jọ́ náà gbọ́ ọ.