Ẹjọ́ Opó Ni, Kì í Ṣe Ariwo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ìtẹramọ́ àdúrà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ibi tó ń ká mi lára jù ni mo ń lọ tààrà: Lúùkù orí 18. Gbogbo wa la mọ òwe náà, n kò ní kà á tán. Opó kan wà, adájọ́ kan wà tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run tí kò sì ka ènìyàn sí; opó náà ń lọ bá a ṣáá títí ó fi ṣe ẹ̀tọ́ fún un.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù ló ń fi adájọ́ yẹn ṣe Ọlọ́run. Wọ́n á ní ká máa yọ Ọ́ lẹ́nu títí ọ̀rọ̀ wa yóò fi sú U. Rárá o! Jésù ò fi Baba wé ìkà. Bí adájọ́ burúkú bá lè ṣe ẹ̀tọ́ torí pé opó ò jẹ́ kó rímú mí, áńbọ̀sì Ọlọ́run tí Diutarónómì 10:18 ní ó ń ṣe ìdájọ́ aláìníbaba àti opó?

Ẹ wo obìnrin náà dáadáa. Gbólóhùn kan ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀: “Gbẹ̀san mi lára ọ̀tá mi.” Opó tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kóòtù láti àárọ̀ kùtù, tó ká rìsíìtì ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, tí akọ̀wé tún ní kó lọ kó padà wá, yóò mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló tẹra mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àdúrà tí kò bá di àfẹ̀mọ́jú kò tíì dé ọ̀run, ẹ ṣí Lúùkù yẹn kan náà sí 20:47. Àwọn tó ń gba àdúrà gígùn níbẹ̀ gan-an ló ń jẹ ilé àwọn opó run! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní kéèyàn béèrè lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, pé àìgbàgbọ́ ni àtúnbéèrè, Gẹtisémánì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù gbàdúrà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ.

Mo fẹ́ sọ ti àwọn Aládùúrà, àwọn Kristẹni tó gbára lé àdúrà, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àti ti ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930, ṣùgbọ́n alága ti ń wo aago. Ẹ ṣáà mọ ìtàn yẹn.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn: “Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ nípa ẹ̀gún ara rẹ̀ tó fi dákẹ́. Ìgbà wo ni kí èmi náà dákẹ́?”

Mo ní: “Màmá, Pọ́ọ̀lù gbọ́ èsì ló fi dákẹ́. Olúwa sọ fún un pé, ‘Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.’ Kí ni ẹ̀bẹ̀ tiyín?”

Màmá dáhùn pé ilé tí àwọn àti olóògbé ọkọ wọn jọ kọ́ ni. Àwọn ẹbí ọkọ ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, àgbà ìjọ kan sì ní kí wọ́n fi í sádùúrà.

Mo pa ìwé mi dé. Mo ní kí wọ́n má dákẹ́ àdúrà, kí wọ́n má sì fi ẹjọ́ sílẹ̀. Mo bi àwọn lọ́yà tó wà nínú gbọ̀ngàn pé ta ni yóò bá Màmá gbé e láìgbowó. Méjì dìde. Ìpàdé tú, a jókòó ti ìwé ilé náà.