Ohun Tí Àrùn Erìgì Bá Jẹ, Ṣé Ó Lè Hù Padà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ará ìlú l'Àkúrẹ́ nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tẹ́ ẹ ti Oǹdó wá. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ nígbà tí a bá ń run orín láàárọ̀, ọ̀pọ̀ wa máa ń ní orín ló gún òun. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di ojoojúmọ́, àrùn ló wà nídìí ẹ̀.

Egungun àgbọ̀n ló gbé eyín dání, àwọn okùn ara tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì so gbòǹgbò eyín mọ́ egungun náà. Tí ìdọ̀tí bá le bí òkúta sábẹ́ erìgì, kòkòrò àìfojúrí á fibẹ̀ ṣe ilé. Ara á máa bá wọn jà, inú ìjà yẹn gan-an sì ni egungun ti ń jẹ. Kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè wá.

Tí a bá ha ìdọ̀tí yẹn kúrò, àrùn á dúró, ṣùgbọ́n egungun tó ti lọ kì í sábà padà. Ẹran orí erìgì ló fà á: òun ló ń yára hù jù. Kí egungun àti okùn tó jí, ó ti ṣàn wálẹ̀ lára gbòǹgbò, ó ti gba àyè wọn. Ní 1982, Sture Nyman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dí i lọ́nà, okùn tuntun sì so mọ́ gbòǹgbò eyín. Láti ìgbà náà la ti mọ̀ pé ara lè tún ibẹ̀ kọ́, bí ó bá ráyè.

Yàtọ̀ sí àyè, ó tún ń fẹ́ ìpè. Àwọn èròjà kan wà nínú ara tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pọ̀ sí i, kó máa bọ̀ níbi ọgbẹ́. Iṣẹ́ lórí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ló mú kí Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan fún àrùn erìgì ní 2005, Japan sì fọwọ́ sí òmíràn ní 2016. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń mú lára eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín kó tó lò ó.

Èyí tí ọkàn mi fà sí jù ni ti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, tí Joseph Choukroun gbé jáde ní Faransé ní 2001. A ó fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ sínú ìgò kékeré tí kò ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a ó sì gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yí i bíríbírí lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi falẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10, pupa á wà nísàlẹ̀, omi á wà lókè, ohun tó rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì á wà láàárín. Òun la ń tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a ń fi sínú ihò tí àrùn jẹ sínú egungun ẹ̀gbẹ́ eyín. Fún ọjọ́ mélòó kan, á máa tú àwọn èròjà ìpè yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ló rọ àpò wa lọ́rùn jù.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ihò tó jìn, tí egungun ṣì yí ká, ló ń gba ìtọ́jú yìí. Tí egungun bá ti wálẹ̀ lọ́gbọọgba yí gbogbo eyín ká, a kì í rí púpọ̀ mú bọ̀. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a kò kápá ń ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ìyá kan tó ń tajà l'Ọjà Ọba wá béèrè pé, “Dókítà, ọmọ mi, tèmi ti ń mì. Ṣé kí n kúkú yọ ọ́?” Mo ní: ìyá mi, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya X-ray rẹ̀, kí wọ́n fọ abẹ́ erìgì yín dáadáa, kẹ́ ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Lẹ́yìn bí oṣù 3, kí wọ́n tún wọn jíjìn ihò náà. Bí dókítà bá wá ní ó gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ ní kó fi ohun tó rí nínú X-ray hàn yín kẹ́ ẹ tó la ẹnu.