Karl G. Maeser, ará Jámánì tó gbé ilé-ìwé àwọn Mọ́mọ́nì ró

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹnì kan tó jẹ́ olùkọ́ tó tún jẹ́ aṣáájú ìjọ. Mo lè mú ẹni tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ Karl Gottfried Maeser ni mo mú, nítorí pé owó oṣù tí kì í wọlé àti ilé-ìwé tí kò ní ilé tirẹ̀ kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ fún un. Ó gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1876, ilé tí wọ́n ń kó ẹ̀tù ìbọn sí lórí òkè kan ní Salt Lake City, ní Utah, ní Amẹ́ríkà, bú gbàù. Ilé-ìwé àdúgbò tí Maeser ti ń kọ́ni bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ó wá bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ láti sọ pé ilé-ìwé ti wó, kò sí ibi tí òun ó ti kọ́ àwọn ọmọ mọ́. Ó bá bíṣọ́ọ̀bù náà lọ́dọ̀ Brigham Young, olórí gbogbo ìjọ Mọ́mọ́nì, ìjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Brigham Young ní ó dáa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mìíràn wà tí òun fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ilé-ìwé ìjọ ni iṣẹ́ náà, ó wà ní Provo, ìlú kékeré kan ní gúúsù. Nígbà tí Maeser béèrè ìlànà tí òun ó tẹ̀ lé, èsì tó gbà kò gùn rárá: kó má ṣe kọ́ni ní ohunkóhun láìsí Ẹ̀mí Ọlọ́run, ì báà ṣe a-b-d tàbí ìṣirò ìlọ́po. Ó parí. Kò sí ìwé ètò ẹ̀kọ́, kò sí owó ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni ará Jámánì ṣe dé aṣálẹ̀ Utah? Ìtòsí Meissen ní Saxony ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1828. Meissen ni ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánńganran olówó iyebíye. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ya àwòrán sára àwo wọ̀nyẹn. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Dresden, ó sì jáde ní 1848. Èrò Pestalozzi, olùkọ́ ará Switzerland nì, ti gbilẹ̀ láàárín irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà: kí ọmọ fojú rí, kó fọwọ́ kàn, kó tó há ọ̀rọ̀ sórí. Ó fẹ́ Anna Mieth, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé.

Ìwé kan tí wọ́n fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn Mọ́mọ́nì ló gbà á lọ́kàn. Ó kà á tán, dípò kó kórìíra wọn, ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí olórí iṣẹ́ ìhìnrere wọn ní Geneva, ọkùnrin yẹn sì dá lẹ́tà náà padà fún un, torí ó rò pé ọlọ́pàá ló ń dọdẹ àwọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wọn kò gba ìwàásù Mọ́mọ́nì láyè ní ọ̀pọ̀ ibi ní Jámánì nígbà yẹn. Maeser kò jáwọ́. Ó kọ̀wé sí Copenhagen, wọ́n sì rán òjíṣẹ́ kan sí i níkẹyìn. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1855, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un nínú odò Elbe. Ó jẹ́rìí títí di ọjọ́ ogbó pé nígbà tí àwọn ń rìn bọ̀ láti odò, òun àti aṣáájú tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan yé ara àwọn láìsí ògbufọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí gba iṣẹ́ àti ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó dé Amẹ́ríkà ní 1857, ó sì fi dùùrù kíkọ́ni wá oúnjẹ òòjọ́ ní Richmond, ní Virginia. Ó dé Utah ní 1860. Níbẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ Brigham Young, ó tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn ńlá wọn, wọ́n sì tún rán an padà sí Jámánì àti Switzerland láti wàásù. Ní 1869 ó dá ìwé ìròyìn ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní èdè Jámánì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ní Provo. Brigham Young kú ní 1877, ilé-ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì di ọmọ òrukàn. Abraham Smoot, aṣáájú ìjọ ní ìlú náà, fi dúkìá ara rẹ̀ dúró fún gbèsè ilé-ìwé. Àìlówó mú Maeser débi pé ó sọ fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ obìnrin pé òun ń fi Provo sílẹ̀. Wọ́n di ẹrù. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bi í léèrè, ó ní òun ti yí ọkàn padà, pé òun lá àlá, òun rí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ kún orí rẹ̀. Orí òkè yẹn ni Yunifásítì Brigham Young wà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí dá àìsanwó olùkọ́ láre. Ìyá àwọn ọmọ ló ń wá nǹkan tí wọn ó sè ní gbogbo ìgbà tí àlá náà kò tíì ṣẹ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1884, iná jó ilé-ìwé náà kanlẹ̀. Reed Smoot, ọmọ Abraham, sáré wá ké pé ilé-ìwé ti jóná. Maeser dá a lóhùn pé rárá o, ilé nìkan ló jóná. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ń kọ́ni nínú yàrá tí wọ́n yá káàkiri ìlú, lẹ́yìn náà nínú ilé ìkẹ́rùsí ilé ìtajà kan, títí di 1892.

Kí ló wá dúró nígbà tí ilé kò sí? Ìdáhùn tèmi ni pé ó ti gbé ẹrù ilé-ìwé lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn lórí. Ilé àwọn ará ìlú ni wọ́n ń gbé, àwọn àgbà láàárín wọn a sì máa bẹ àwọn kékeré wò, wọn a jábọ̀. James Talmage tó dé síbẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti di olùkọ́ níbẹ̀ kó tó pé ogún ọdún. Maeser sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ́ wọn. Ó ní bí ẹ bá ti òun mọ́ ẹ̀wọ̀n tí ògiri rẹ̀ ga tó sì nípọn, ó ṣeé ṣe kí òun rí ọ̀nà sá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí òun ká, tí òun sì ti ṣèlérí pé òun kò ní í kọjá rẹ̀, òun á kọ́kọ́ kú ná. Àbẹ̀wò àti ìjábọ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá, ó sún mọ́ ṣíṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, mi ò rí bí ì bá ṣe rí ọ̀nà mìíràn nígbà tí kò sí ilé ibùgbé.

Maeser kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó fẹ́ ìyàwó kejì ní 1875, nígbà tí ìjọ wọn gbà á láyè. Ní 1887, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ bu owó ìtanràn 300 dọ́là fún un nítorí ìyẹn. Ìjọ tó sìn kò sì gbà kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jẹ oyè àlùfáà ní gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ọdún 1978 ni wọ́n mú òfin yẹn kúrò, ọdún yẹn náà sì ni àwọn òjíṣẹ́ wọn tí ìjọ rán wọ Nàìjíríà. Ẹ rántí èyí bí ẹ ti ń gbọ́ ìyìn mi.

Láti 1888 títí ó fi kú ní oṣù kejì ọdún 1901, òun ni alábòójútó gbogbo ilé-ìwé ìjọ, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ilé tuntun parí ní Provo ní 1892, ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ fún Benjamin Cluff tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Reed Smoot di sẹ́nétọ̀, Talmage di àpọ́sítélì ìjọ.

George Sutherland ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìjọ, ó kàn wá kàwé ni. Ó di adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní 1922. Ní 1941, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìntì, ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń jáde ní yunifásítì náà, Maeser ló sì ń ròyìn fún wọn nínú ọ̀rọ̀ náà, ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin olùkọ́ rẹ̀.