Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè fún Ẹni Tó Tóbi: Ẹ̀yìn Ni Kí Owó Lọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́: ẹni tó wọ̀n tó 100 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè àti lójú ọ̀nà olókùúta, irú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wo ló yẹ kó rà? Ìdáhùn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbọ́ ni pé kó kọ́kọ́ lọ fọn ná. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó lè gbé e wà, owó rẹ̀ kì í sì í fi gbogbo ìgbà wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń náwó síbi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí àwọn sípóòkù ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ni họ́ọ̀bù tó wà ní àárín rẹ̀ dúró lé, bí òrùlé ṣe ń dúró lórí òpó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípóòkù tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ bá tì í látorí, ńṣe ló máa tẹ̀. Gbogbo sípóòkù ni wọ́n ti fà le kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ náà, ìfàle yẹn ló sì ń gbé wa. Nígbà tí ẹ bá jókòó, rímù, ìyẹn òrùka ńlá tí wọ́n fi táyà sí, á tẹ́ díẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀, àwọn sípóòkù tó wà níbẹ̀ á sì dẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti yí kúrò níbẹ̀, wọ́n á tún le padà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìnṣì 29, pẹ̀lú táyà rẹ̀, ń rìn tó mítà 2.3 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Nínú kìlómítà kan péré, sípóòkù kọ̀ọ̀kan ti dẹ̀, ó sì ti le padà, ní ìgbà tó lé ní 400.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ẹni tó tóbi wà. Bí ẹrù bá pọ̀ débi tí sípóòkù ìsàlẹ̀ fi dẹ̀ pátápátá, ọrùn rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Irin tó bá sì ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn lójú kan náà á kán níjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí sípóòkù fi lè já lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, níbi tí kò sí òkúta kankan. Ẹni tó gùn ún á máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe. Kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí sípóòkù yẹn ti ń kú lọ.

Tí èyí bá ti yé wa, iye sípóòkù ló kàn. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe pín ẹrù náà láàárín ara wọn. Mi ò ní gba ẹni 100 kílò nímọ̀ràn láé pé kó ra ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ní sípóòkù 24 tàbí 28, bó ti wù kó dán tó. Ó kéré tán, kó jẹ́ 32. Bí ìwọ̀n yín bá ti kọjá 110 kílò, ẹ wá 36 fún ẹ̀yìn tí ẹ bá rí họ́ọ̀bù rẹ̀. Kí wọ́n sì hun ún kí sípóòkù kọ̀ọ̀kan gba orí mẹ́ta míì kọjá, nítorí pé bíréèkì díìsì, èyí tí àwo rẹ̀ wà lára họ́ọ̀bù, àti pẹ́dàlì ń lọ́ họ́ọ̀bù gan-an.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé sípóòkù tó nípọn látòkè délẹ̀ kọ́ ló dára jù. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 2.0 ní orí méjèèjì, tó wá tín-ín-rín sí 1.8 láàárín, ló máa ń pẹ́ jù ú lọ. Àárín rẹ̀ tó tín-ín-rín máa ń nà sí i nígbà tí wọ́n bá fà á, nítorí náà kì í tètè dẹ̀ tán nígbà tí ẹrù bá dé. Ní ti nọ́ọ̀tì kéékèèké tó so sípóòkù mọ́ rímù, ẹ béèrè fún ti idẹ. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bó, ó sì máa ń fọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo tìtorí ẹ̀ wá: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí owó lọ. Òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n yín, òun ni ṣéènì ń fà, òun náà ló sì ń gba òkúta tí iwájú ti fò kọjá. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé àwọn jíà gba àyè lápá ọ̀tún, nítorí náà sípóòkù apá ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, wọ́n sì le gan-an, nígbà tí ti apá òsì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì dẹ̀ jù wọ́n lọ. Ti apá òsì yìí ló máa ń kọ́kọ́ dẹ̀ tán. Ohun méjì ló ń dín in kù. Àkọ́kọ́ ni họ́ọ̀bù Boost, tó fẹ̀ ní mìlímítà 148, tó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jìnnà síra ju ti 142 lọ; ẹ kọ́kọ́ wo férémù yín o, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún 142 kò ní gba 148. Èkejì ni rímù tí ihò sípóòkù rẹ̀ kò sí ní àárín gbùngbùn, tó fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá ní láti mú ọ̀kan nínú ohun tí àwọn oníṣẹ́ ṣe láti ràn wá lọ́wọ́, rímù yẹn ni màá mú.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ lágbára nínú. Ẹni tó wúwo tó ń fi jíà tó rọ̀ jù gun òkè ń da agbára ńlá sórí àwọn eyín kéékèèké inú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ki jíà bọ họ́ọ̀bù, tí ẹ bá lè rí ti irin, ẹ má mú ti alumíníọ̀mù, jíà máa ń jẹ ẹ́ wọlé.

Ti ìnṣì 27.5 àbí 29 kò yẹ kó gba àsìkò wa. Èyí tó kéré le díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó tóbi ń gorí òkúta wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ra èyí tí férémù yín gbà. Kí inú rímù fẹ̀ tó mìlímítà 30, kí táyà wà láàárín ìnṣì 2.4 sí 2.6, kí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn sì nípọn. Kábọ́ọ̀nù dára, ó sì le, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni màá fi sẹ́yìn: bí òkúta bá gbá a, ó máa ń tẹ̀ wọnú, ẹ ó rí i, ẹ ó sì lè gùn ún délé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kò gbọ́dọ̀ kọjá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ̀n yẹn kì í ṣe ti ara yín nìkan. Ẹni 108 kílò, kẹ̀kẹ́ 15 kílò, àpò àti omi kílò 4: ó ti di 127. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 120 sí kì í ṣe tiyín.

Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fọwọ́ hun ún, tàbí kó tún èyí tí ẹ rà fà. Ní ẹ̀gbẹ́ jíà, agbára 100 sí 120 kílò lórí sípóòkù kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ rímù alumíníọ̀mù fẹ́, irinṣẹ́ sì wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá parí, kó fún sípóòkù méjì méjì pọ̀ lọ́wọ́ gírígírí kí wọ́n lè jókòó, kó tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá ti gùn ún, ẹ gbé e padà fún un. Rímù tó dára díẹ̀ tí wọ́n hun dáadáa á pẹ́ ju èyí tó gbówó lórí tí ẹ̀rọ fà ní ìfàkufà lọ.

Nígbà ìbéèrè, arábìnrin kan ní sípóòkù ẹ̀yìn òun já, òun pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn tún já, òun tún pààrọ̀ ìyẹn náà, ó sì ti kan ìkẹta báyìí. Mo sọ fún un pé kó má pààrọ̀ ẹyọ kan mọ́. Gbogbo àwọn tó kù ti jọ mì pọ̀ tipẹ́, ọrùn wọn ti ń là. Bí rímù bá ṣì tọ́, tí họ́ọ̀bù ò sì ní àléébù, kó tú gbogbo rẹ̀, kó ra sípóòkù tuntun fún ẹ̀yìn látòkè délẹ̀, kó sì fi ti iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà.