Ẹ Má Fi Abẹ́rẹ́ Dẹ́rù Ba Ọmọ Mọ́

"Dákẹ́ o! Àbí kí n pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́?"

Ẹ̀yin òbí, ta ni kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí nínú wa? Ilé ni ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti ń wọ ọ̀pọ̀ ọmọ lára, kí wọ́n tó fojú kan ilé ìwòsàn rárá. Àjẹsára kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú fífi abẹ́rẹ́ dẹ́rù ba ọmọ.

Ẹ má sì parọ́ fún ọmọ pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún. Ó máa dùn ún, tó bá sì ti dùn ún tán, kò ní gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ wí fún un pé: "Ó máa dùn ẹ́ díẹ̀, kò ní pẹ́, mo wà pẹ̀lú ẹ."

Tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, ọmú ló dára jù. Kí ọmú ti wà lẹ́nu ẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó gún un, kó sì máa mu ún lọ títí wọ́n á fi ṣe tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn yìí láti ọdún 2015.

Èyí tó ti ń rìn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja, kí èèyàn mẹ́ta wá dì í mú. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ gbé e lé itan yín, kó kọjú sí yín, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí yín. Ẹ fi apá kan gbá a mọ́ àyà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di ibi tí wọ́n fẹ́ gún mú, kó má baà jà. Tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná.

Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ilé. Tára ẹ̀ bá gbóná lẹ́yìn náà, ẹ bi nọ́ọ̀sì ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Ẹ má ra ojú abẹ́rẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Tó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. "Ọkùnrin kì í sunkún" kò wúlò níbí.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ wo káàdì àjẹsára ẹ̀, kí ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa padà wá. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba abẹ́rẹ́ èèyi ti oṣù 9 tí wọn kì í padà wá gba èkejì ní oṣù 15.