504 tó ń rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá ń yí gan-an: epo ni àbí iná?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́. Mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì Àpo la wà l'Ábújá níbí, Peugeot 504 lẹ sì ń wò yìí, ọmọ Kàdúná gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975. Ẹni tó ni ín ti yọ kábúrétọ̀ tó bá a wá, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn, ó fi Weber ọlọ́fun méjì sí i, ó tún gbé sàlẹ́ńsà tó fẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá ń wà á jẹ́jẹ́ kò sí wàhálà, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ní ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú gíà kẹta, agbára ti lọ nìyẹn. Ó ti ra kọ́ìlì, ó ti ra pọ́lọ́ọ̀gì, ó ti ra jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, kò yanjú, ó sì ń dùn mí, torí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mọ́tò yẹn.

Ẹ má tẹ àsẹ̀lérétọ̀ fún un lórí ìdúró kẹ́ ẹ ní ẹ ti dán an wò, kò tíì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ gbé e jáde, èmi máa ń lo ọ̀nà Kubwa láàárọ̀ kùtù kí mọ́tò tó pọ̀, kẹ́ ẹ wá fetí sí bó ṣe ń kú. Tó bá ń já pàá, tó ń jáàkì, tó ń yìnbọn nídìí sàlẹ́ńsà, ẹ lọ bá iná tó ń tan epo: ẹ wo kọ́ńtáàkì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé kí iná lè tàn, bóyá àlàfo ẹ̀ jẹ́ 0.4 mm, bóyá sípíríńgì ẹ̀ ò tíì rọ̀, kẹ́ ẹ fi táìmìn láìtì, iná tó ń ṣẹ́jú, wò ó bóyá àmì ìgbà tí iná ń tàn ń sún síwájú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára. Tó bá rọra ń rẹ̀ bí ẹni tí ò jẹun, tẹ́ ẹ yọsẹ̀ díẹ̀ tó tún jí, epo ni. Tiwa ń rẹ̀ ni.

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, kí ẹnì kan jókòó sínú kó tẹ àsẹ̀lérétọ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀yin ẹ máa wo ọ̀fun kábúrétọ̀, ṣé ó ṣí tán? Ẹ má fojú di èyí o. Tiwa ṣí.

Géèjì tó ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo rèé, mo fi páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta so ó sáàárín pọ́ǹpù àti kábúrétọ̀, mo fà á gùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú lóde. Lóde o! Páìpù epo ò gbọdọ̀ wọ ibi téèyàn jókòó sí láéláé. Weber fẹ́ nǹkan bí 3 psi. Ẹ wò ó, 3... a ti ń sún mọ́ 4,000... 2... 1, ó ti rẹ̀, ẹ rí i? Mo tú ìdérí táńkì díẹ̀ bóyá atẹ́gùn ni ò ráyè wọlé, ibì kan náà ló ti rẹ̀. Mo pààrọ̀ fílítà, kò yí padà. La bá sọ táńkì kalẹ̀, asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu páìpù nínú ẹ̀ lohun tẹ́ ẹ ń wò yìí, irin tó dógùn-ún ló dí i pa. Kábúrétọ̀ àtijọ́ ń mu díẹ̀, ìwọ̀nba tó ń kọjá tó o, Weber ni ò tó.

A ti fọ̀ ọ́, àmọ́ pọ́lọ́ọ̀gì ló máa jẹ́rìí. Níbi tó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an, ẹ tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì, ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bíréèkì á le díẹ̀, ẹ má sì yí kọ́kọ́rọ́ débi tí sítíárì á tì. Ẹ wá tú pọ́lọ́ọ̀gì wò. Tó bá funfun, epo ò tó, tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin ará Jos, òkè yín ga tó nǹkan bí 1,200 m, atẹ́gùn fúyẹ́ níbẹ̀, jẹ́ẹ̀tì tó dáa l'Ábújá lè sọ tiyín di dúdú. Tiwa rèé, ó pọ́n bíi bisikíìtì.

Ẹ wo géèjì báyìí, 4,000, 3 ṣì ni, 4,500, 3 ni, a ti kọjá 5,000, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀!